Ẹ Wá Kó Ìgò Yín

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìwó olódò Ọbà. Àbẹ̀kẹ́ ìyá oní-mínírà, Ìyá Ìgò ní Sàngó, afọgò-mọ́ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun. Arẹ́rìn-ín-kí-oníbàárà. Abínú-fún-òótọ́. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí nǹkan onínǹkan bàjẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá ọmọ mẹ́rin, ìyá àgbà ọmọ mẹ́sàn-án, Àbẹ̀kẹ́ èmi Àlàó. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ bá mi fara dà á tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó síwájú ilé. Gbogbo ẹni tí n ó mẹ́nu bà níbí ni mo mọ orúkọ wọn: awakọ̀, wolé-wolé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó so táì tó fún wa ní omi tútù, títí dórí máígádì tó dá ẹrù wa padà sínú kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ ogbó kò tíì gba orúkọ èèyàn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ̀kan ṣoṣo, torí àwọn kan nínú wọn ṣì ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì lọ́mọ nílé. Orúkọ kọ́ńpìnnì náà, mi ò ní kọ òun náà. Inú ń bí mi o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù iṣẹ́ nítorí mi. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Àbẹ̀kẹ́ wá láti Ìwó, Ọ̀tà la sì ti pàdé. Nígbà tí mo dé, wọ́n gbà mí síbi tí wọ́n ti ń fọ ìgò mínírà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà dáadáa, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìgò ìgbà yẹn, ìgò gidi ni, kì í ṣe ike. Tí o bá fẹ́ ra mínírà, wàá mú òfìfo lọ́wọ́ lọ. Tí o kò bá ní òfìfo, ojú ẹni tó tà á fún ọ ni wàá ti mu ún tán, wàá sì dá ìgò padà kó o tó kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ kọ́ńpìnnì á já mínírà tuntun fún oníṣọ́ọ̀bù, á sì kó òfìfo lọ. Tí òfìfo kò bá pé, awakọ̀ ò ní já ọjà, o ò báà sunkún.

Òfìfo yẹn ni wọ́n ń kó wá bá wa. Ẹ̀rọ gígùn kan á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, á wá máa tò kọjá níwájú iná funfun kan, àwa mẹ́rin á jókòó síbẹ̀, a ó máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti kán, a ó yọ ọ́. Èyí tí ẹnìkan ti fi ra kẹrosíìnì, a ó yọ ọ́. Èyí tí aáyán wà nínú rẹ̀, a ó pariwo, a ó sì yọ ọ́. Èyí tó bá dára á lọ gba mínírà, ó tún di Sàngó, ó tún di Igbẹ́sà, kó tó tún padà wálé. Ìgò kan wà tó ní àpá bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ìdí, mo rí i títí mo fi ń kí i.

Ṣọ́ọ̀bù Àbẹ̀kẹ́ wà lápá Tóòlù Géètì, níbi tí èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Oúnjẹ ojú òpópónà ni mo ń lọ jẹ ládùúgbò ibẹ̀, mo wá ń mu mínírà lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n wá bá wọn tú ìgò kúrò nínú kérétì kó tó bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo gbé ìgò kan, mo rí òwú dúdú lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń dirun, wọ́n so ó ní kókó méjì. Mo já a, mo fi í sápò. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní, "Ṣé ó dé?"

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Lẹ́tà mi. Èmi ò mọ̀wé kọ, òwú ni mo mọ̀ ọ́n so."

Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ á gba ọwọ́ mi kọjá, ohun tó bá kúrò lọ́wọ́ mi á tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà mìíràn tí a bá jà láàárọ̀, mo máa ń wá òwú. Tí mo bá rí i, mo mọ̀ pé ìjà ti parí.

Wọ́n wá gbé ike dé.

Awakọ̀ tó ń já ọjà fún un ló mú un wá. Ẹni wa ni awakọ̀ yẹn, ó jẹ iyán ìkómọ àkọ́bí wa. Ó sọ ọ̀rá mínírà náà kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìgò, ìtura ti dé o! Kò sí wàhálà òfìfo mọ́."

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Èwo ni kò sí òfìfo mọ́? Ọjọ́ wo lẹ ó wá kó èyí?"

"A ò kó o mọ́. Tí wọ́n bá mu ún tán, kí wọ́n jù ú nù."

"Kí wọ́n jù ú síbo?"

Ó na ọwọ́ yí gbogbo òpópónà ká. "Ìyá, gbogbo Sàngó yìí, ṣé kò láyè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan, ó yí i wò, ó ní, "Kò ṣeé ṣe. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀ yìí."

Ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin wa, tí wọ́n bá ní abọ́ àti ìkòkò tí wọ́n máa ń yá ara wọn lò níbi ìnáwó, wọ́n á fi ọ̀dà kọ àmì sí ìdí rẹ̀. Àmì ti Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ pupa, ìlà méjì. Ohun tó bá ní àmì lára gbọ́dọ̀ padà wálé. Tí kò bá tíì padà, wọn ò ní sọ pé ó sọnù, wọ́n á ní ó ṣì wà lọ́nà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe Àbẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ pè é ní àṣìṣe. Ó gbà pé ẹni tó bá ní irú owó yẹn, tó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sára ike kọ̀ọ̀kan lọ́nà tó dára tó bẹ́ẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀ sí gọ́tà. Lójú tirẹ̀, awakọ̀ ni kò mọ̀. Àwọn ọ̀gá á wá.

Ó wá ń gba ike lọ́wọ́ àwọn oníbàárà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba ìgò. Àwọn ọlọ́kadà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Ìgò, ike ni o, kì í fọ́!" Òun náà á dá wọn lóhùn: "Ike náà ní ilé tirẹ̀. Mú un wá, kí n má lọ bá ìyàwó rẹ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mú un wá. Ó ń ṣan wọ́n, ó ń kó wọn sínú àpò ìrẹsì, ó ń fi òwú dúdú di ẹnu àpò. Ẹ̀yìnkùlé wa kún. Ó ní ìgbà tí ọkọ̀ bá dé, òun ò fẹ́ kí wọ́n bá òun láìmúra.

Ohun tí mo fẹ́ sọ wàyí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi mọ̀ pé ọkọ̀ kankan ò ní wá. Kò pẹ́ sígbà tí ike dé ni wọ́n ní kí àwa tí a ń fọ ìgò máa lọ sílé. Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti lọ gba owó tí wọ́n jẹ mí kù, mo sì rí àwọn tó ń ra irin àlòkù tí wọ́n ń fi iná gé ẹ̀rọ ìfọgò sí wẹ́wẹ́. Mo dúró títí wọ́n fi gbé èyí tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo délé, Àbẹ̀kẹ́ ń ṣan ike. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Àlàó. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní àwọn á wá?" Mo ní, "Wọn ò tíì sọ." Mo rò pé ọjọ́ mélòó kan ni irọ́ yẹn á gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbé.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lé wa. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa láàárín Sàngó sí Ìyànà Ìyẹsí mọ̀ pé gọ́tà wa ò tóbi. Ike àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí i pa. Kì í ṣe ti Àbẹ̀kẹ́ o, tirẹ̀ wà nínú àpò. Ti gbogbo ayé ni. Tí òjò bá rọ̀, omi á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, a ó gbé mátíréèsì sórí tábìlì. Wolé-wolé wá lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ gbẹ, ó rìn yí ilé ká, ó bá àpò rẹpẹtẹ lẹ́yìnkùlé. Ó mú bírò jáde.

"Ìyá, ìdọ̀tí lẹ̀ ń kó jọ yìí. Òfin ò gbà á."

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ìdọ̀tí ta ni?"

"Ilé yín ló wà, tiyín ni."

"Ó dáa. Èyí tó wà nínú gọ́tà ńkọ́?"

"Iwájú ilé yín ni gọ́tà náà wà. Ẹ̀yin náà lẹ máa kó o."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà lára eléyìí, torí èmi ò kàwé." Ó na ike sí i. Wolé-wolé ò gbà á. Ó ní, "Ìyá, ẹ má fi mí ṣeré." Àbẹ̀kẹ́ ní, "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ ni?" Wolé-wolé kọ ìwé ìkìlọ̀ fún wa, ó lọ. Ó gba iwájú géètì kọ́ńpìnnì yẹn kọjá nígbà tó ń lọ, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Kò sí ẹni tó rí i kó dúró níbẹ̀.

Ẹ sọ fún mi. Ẹni tó ṣe é, kò kan án. Ẹni tó gbé e ká gbogbo ìpínlẹ̀, kò kan án. Arúgbó tó ta ike kan, tó gba ike kan padà, tó ṣan án, òun ni òfin rí. Ta ló kọ́ wa pé kí a máa dá ìgò padà? Ṣebí àwọn náà ni! Wọ́n fi gbogbo ìgbà èwe wa kọ́ wa. Tí àkùfọ́ kan bá wà nínú kérétì, wọn ò ní gbà á. Wọ́n mọ iye ìgò wọn ní Ọ̀tà, wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ike pọ́ọ́kú, pé kíkó o padà ò lérè, ni wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé wa.

Ọmọ-ọmọ wa obìnrin, èyí tó ń ka ìwé gíga, ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé òfin wà. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó ń tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ gbọ́ o. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé àwọn tó bá ń ṣe nǹkan ló yẹ kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí rẹ̀ padà. Ojúṣe wọn ni."

Àbẹ̀kẹ́ ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó lọ wá gèlè rẹ̀. Ó ní, "Àlàó, ẹ wọ bàtà."

Àpò mẹ́fà la kó sínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, èmi àti òun jókòó lé e lórí. Máígádì tó wà lẹ́nu géètì ò mọ̀ mí, ó wá síbẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Mama, abeg, we no dey buy condemn for here."

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ta ló ní mo ń tà á? Mo wá dá a padà ni."

"Dá kí ni padà?"

"Ìgò yín. Ẹ pè mí ní ọ̀gá."

Ó jókòó sórí àpò rẹ̀ lẹ́nu géètì títí tírélà mẹ́ta fi tò sẹ́yìn wa tí wọ́n ń fọn fèrè. Ìgbà yẹn ni wọ́n mú wa wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ẹ fún wọn ní nǹkan tútù." Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe Àbẹ̀kẹ́, ó ní omi ni òun fẹ́. Wọ́n gbé omi wá nínú ike. Orúkọ wọn wà lára rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àwọn ti gbọ́, ó ní àwọn ò fọwọ́ lẹ́rán, pé àwọn wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń bójú tó àyíká. Ó fi fọ́tò kan tó wà lára ògiri hàn wá. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ fìlà funfun, wọ́n ń gbálẹ̀ níwájú ilé ìwé.

Àbẹ̀kẹ́ wo fọ́tò náà dáadáa. Ó ní, "Fìlà yín mà dáa o. Ike tí ẹ gbá jọ yìí, ibo lẹ kó o lọ?"

"Àwọn kan wá kó o, Mọ́mì."

"Ibo ni wọ́n dà á sí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tá a bá ní ká máa gba èyí tí oníkálukú bá kó wá, ojoojúmọ́ ni èrò á máa pé sí géètì."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Àbẹ̀kẹ́ wí. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kó o jáde. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé lójoojúmọ́."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó fi ìdérí dé e, ó gbé òfìfo náà sórí tábìlì, sí àárín ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gan-an. Ó ní, "Ẹ gbà. Ó kéré tán, ẹ ó gba ọ̀kan lónìí."

Wọ́n gba ọ̀kan yẹn. Àpò mẹ́fà tó kù, àwọn máígádì kó wọn padà sínú kẹ̀kẹ́ fún wa, wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́, wọ́n ń pè wá ní bàbá àti ìyá.

Lójú ọ̀nà ni Àbẹ̀kẹ́ bi mí. "Àlàó, nígbà tá a wà nínú ọgbà yẹn, mi ò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìfọgò. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo ní wọ́n ti gé e tà, pé ojú mi ló ṣe, láti ọdún tí wọ́n dá mi dúró.

A dé Ìyànà Ìyẹsí. Ó wá ní, "Ẹ mọ̀. Ẹ wá jẹ́ kí n máa retí wọn." Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. Mo ti ń bú kọ́ńpìnnì láti ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì máa bú wọn dópin. Ṣùgbọ́n èmi náà wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn kò gba ike lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àpò tó wà nílẹ̀, kò jẹ́ ká dà á nù, ó ní tiwọn ni, kí wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, omi tún fẹ́ wọlé, Àbẹ̀kẹ́ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ká ìró sókè, ó wọ inú gọ́tà, ó ń fi ọwọ́ yọ ike. Páànù kan wà lábẹ́ ike yẹn tí ojú ò lè rí. Ó gé e ní àtẹ́lẹsẹ̀. Egbò ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ó kọ́kọ́ dà bí ohun tó ń jiná. Ẹsẹ̀ náà wá dúdú, dókítà ní kí àwọn gé e, ó ní rárá. Dókítà ní ṣúgà ló pa á. Mo gbọ́. Ṣúgà ló pa á. Ṣùgbọ́n ṣúgà kọ́ ló dí gọ́tà wa.

Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ló dákẹ́. Bí ààfáà ti ń bọ̀, tí àwọn obìnrin ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ mi ti pe ẹni tó ń ta mínírà, kí àwọn tó wá kí wa lè rí omi mu. Oòrùn kò tíì ga tí ọkọ̀ kọ́ńpìnnì fi dé iwájú ilé wa. Awakọ̀ tuntun ni, ọmọ kékeré, kò mọ̀ wá. Ó já ọ̀rá omi àti mínírà sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń mu ún, wọ́n ń bá mi sunkún, wọ́n ń fi ike sílẹ̀ lábẹ́ àga. Awakọ̀ gbá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ pa, ó wọlé, ó tan ọkọ̀.

Mo dìde lórí àga mi, mo lọ dúró níwájú ọkọ̀ náà.

Ó yọ orí jáde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà."

Mo ní, "O ò tíì kó òfìfo."

"Òfìfo kí ni, Bàbá?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi ti dì í sílẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ yín kì í kúrò nílé wa lófìfo. Kó ìgò yín."

Ó bẹ̀ mí. Àwọn ọmọ mi bẹ̀ mí, àkọ́bí mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àna ń wò wá." Mo ní kí wọ́n wò. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin lọ gbé àpò kan wá láti ẹ̀yìnkùlé, òwú dúdú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Awakọ̀ kékeré yẹn wo àpò, ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá gbé e délé iṣẹ́, wọ́n á lé mi."

Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Mo ti sọ fún yín.

Ààfáà wá bá mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Alàgbà, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán. Òkú kì í dúró. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo yà lọ́nà. Ọkọ̀ náà lọ, kò kó nǹkan kan.

A kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a sì sin ín lọ́jọ́ náà.